Kí Òkun Tó Gbé Ilé Wa Má Gbé Orúkọ Wa: Ìmọ̀ràn fún Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Àwòyè Lórí Ìdìbò

Ẹ̀yin ọmọ Àwòyè, ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún 18, àti ẹ̀yin tí ẹ ti kọjá bẹ́ẹ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ kò tíì tẹ̀ka rí, ẹ̀yin ni mo pè. Ọ̀rọ̀ ìdìbò gbogboogbò 2027 ni. Nínú rẹ̀ la ó ti yan ààrẹ, la ó ti yan sẹ́nétọ̀ fún Gúúsù Òǹdó, la ó ti yan ẹnì kan ṣoṣo tí yóò ṣojú Ìlàjẹ àti Ẹsẹ̀-Odò ní Àbújá, àti àwọn tí yóò jókòó fún wa nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Àkúrẹ́. Ti gómìnà kò sí nínú rẹ̀. A ti di tiwa ní oṣù Kọkànlá 2024.

Mo ti dàgbà kọjá ẹni tó ń wá ojúrere olóṣèlú. Ohun kan ló ń dùn mí, òun ni mo sì fẹ́ bá yín sọ. Òkun ti jẹ ilẹ̀ wa. Ibi tí àwọn bàbá wa kọ́lé sí, omi ló wà níbẹ̀ báyìí. Odò tí ilé iṣẹ́ epo gbẹ́ wọ inú ilẹ̀ wa ṣílẹ̀kùn fún omi iyọ̀, omi iyọ̀ sì pa igi etí omi àti ẹja omi tútù tí a fi ń jẹun. Nítorí náà làwọn èèyàn wa ṣe fọ́n ká. Ilé tó wó, a lè kọ́ òmíràn. Ṣùgbọ́n bí orúkọ wa nínú ìwé àwọn olùdìbò bá fọ́n ká bí àwa fúnra wa ṣe fọ́n ká, tí kò sí ẹni tó kó o jọ, ìlú yìí yóò ti parun lójú ìjọba kí omi tó parí iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ipò máa ń ka orí kí ó tó wọ ọkọ̀. Ibi tí orí bá pọ̀ ló ń wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Ẹ jókòó, kí ẹ gbọ́.

1. Ẹ forúkọ sílẹ̀ kí ariwo tó bẹ̀rẹ̀.

INEC, àjọ tó ń ṣètò ìdìbò, ṣí ìforúkọsílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹjọ 2025, wọ́n sì ṣí i ní àwọn ọ́fíìsì wọn ní ọjọ́ 25 oṣù náà. Kì í ṣe ohun tó máa wà ní ṣíṣí títí di ọjọ́ ìbò. Òfin ní kí wọ́n tì í kí ìdìbò tó dé, ẹni tí ilẹ̀kùn bá sì tì mọ́ òde, kò sí ọba tàbí alága tó lè bá a ṣí i. Ní gbogbo ọdún ìbò ni mo ń rí ọ̀dọ́ tó ń sáré kiri ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, tó ń bẹ ẹni tí kò ní agbára.

Mo mọ ohun tó ń dá yín dúró. Kò sí ojú títì tó dé Àwòyè. Ọkọ̀ ojú omi la ń wọ̀ lọ sí Igbókòdá tí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ wa wà, owó ọkọ̀ sì ti ga nítorí epo bẹntiróòlù. Ẹni tó bá lọ lẹ́ẹ̀kan tí ẹ̀rọ kò ṣiṣẹ́, ó ṣòro kó tún lọ lẹ́ẹ̀kejì. Nítorí náà, ẹ má lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ kó ara yín jọ, kí ẹ dá owó ọkọ̀ pọ̀. Ẹ kọ́kọ́ kún ìwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti wà, kó jẹ́ pé kí wọ́n ya fọ́tò kí wọ́n sì gba ìka yín nìkan ló kù tí ẹ bá dé ọ̀hún. Ẹ pe ọ́fíìsì INEC kí ẹ tó gbéra. Ẹ sì jẹ́ kí àwọn àgbà ìlú bá yín fọwọ́ sí lẹ́tà kan sí INEC pé kí wọ́n gbé ẹ̀rọ wá sí etí òkun fún ọjọ́ díẹ̀. Ẹni tí kò béèrè ni wọn kì í dá lóhùn.

Ẹ má ṣe fi ọmọdé forúkọ sílẹ̀ kí iye wa lè pọ̀. Ẹ má sì ṣe forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ṣẹ̀ ni méjèèjì lábẹ́ òfin, ẹ̀rọ sì ń mú un. Ní 2022, INEC yọ orúkọ tó lé ní mílíọ̀nù 2.7 dànù nínú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ forúkọ sílẹ̀, nítorí pé ọwọ́ èrú wà nínú wọn. Orúkọ gidi díẹ̀ ló níyì ju orúkọ èké púpọ̀ tí wọ́n máa gé lọ.

2. Ibi tó dá ọ lójú pé wàá dé lọ́jọ́ ìbò ni kí orúkọ rẹ wà.

Èyí ló ká mi lára jù, ẹ fún mi láyè kí n sọ ọ́ tán. Ọ̀pọ̀ ẹ̀gbọ́n yín forúkọ sílẹ̀ nílé nígbà tí ilé bàbá wọn ṣì wà. Omi dé, wọ́n kó lọ sí Igbókòdá, Òkìtìpupa, Wàrì tàbí Èkó, wọ́n sì fi orúkọ wọn sílẹ̀ sẹ́yìn. Lọ́jọ́ ìbò, ẹ̀rọ BVAS tó wà ládùúgbò wọn tuntun kò mọ̀ wọ́n, nítorí ibùdó tí orúkọ èèyàn wà nìkan ni wọ́n ti lè fi ìka tàbí ojú rẹ̀ dá a mọ̀. Wọn kò sì lè wá sílé láàárọ̀ ọjọ́ náà, torí pé àwọn ọlọ́pàá máa ń dá ìrìn ọkọ̀ dúró lójú títì àti lójú omi títí ìdìbò fi máa parí. Káàdì wà lápò, ìbò kò sí.

Àwọn kan máa ń sọ pé kí gbogbo ọmọ ìlú fi orúkọ sílẹ̀ nílé nítorí ìfẹ́ ìlú. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Orúkọ tí kò lè dìbò kò gbe ìlú. Òfin fún yín ní ààyè mẹ́ta: ibi tí ẹ ń gbé, ibi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́, tàbí ibi tí ẹ ti wá. Ìwọ tí o ń ṣe òwò edé láàrin Àwòyè àti Igbókòdá, tí o sì ń sùn nílé ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀, fi orúkọ rẹ sílé, kí o sì ti dé láti ọjọ́ Ẹtì, nítorí ọjọ́ Sátidé la máa ń dìbò. Ìwọ tí ìdílé rẹ ti kó lọ pátápátá, tí ọmọ rẹ ti ń lọ ilé ìwé ní Igbókòdá, gbé orúkọ rẹ lọ síbẹ̀. Ìlàjẹ náà ni. Sẹ́nétọ̀ kan náà, aṣojú Àbújá kan náà ni ẹ jọ máa yàn. Ìbò rẹ kò tíì jáde nínú ilé.

Ohun tí wọ́n ń pè ní gbígbé orúkọ láti ibùdó kan sí òmíràn, lásìkò ìforúkọsílẹ̀ kan náà ni wọ́n ń ṣe é. Kì í ṣe pé kí o lọ forúkọ sílẹ̀ bí ẹni tuntun o. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn. Sọ fún wọn pé o ti ní káàdì, pé gbígbé lo fẹ́ gbé e.

Ọ̀rọ̀ ibùdó ìdìbò fúnra rẹ̀ tún wà níbẹ̀. Ibi tí ìwé sọ pé ibùdó wà lè jẹ́ ibi tí ìgbì ti gbà. Ẹ má dúró di ọjọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ INEC máa gbé àpótí dé tí wọn kò ní mọ ibi tí wọ́n máa gbé e kalẹ̀. Àwọn ibùdó kì í ṣe ohun tí kò ṣeé yí padà: ní 2021, INEC sọ ibùdó di 176,846 káàkiri Nàìjíríà, láti orí 119,974 tó wà tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ṣí àwọn kan nípò padà. Ẹ rìn yí ìlú ká, kí ẹ kọ ibùdó kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ pẹ̀lú bó ṣe wà lónìí, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ fi í ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà àwọn àgbà. Iṣẹ́ ọjọ́ kan ni fún ọ̀dọ́ mẹ́rin tó ní fóònù.

3. Ẹ tọ́jú káàdì yín bí ẹni tó ń gbé etí òkun.

Ẹ fi sínú ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà VIN tó wà lára rẹ̀ síbòmíràn. Bí omi bá gbé e lọ, ẹ lọ sọ fún INEC kí ìforúkọsílẹ̀ tó kásẹ̀ nílẹ̀, wọ́n á tẹ òmíràn. Ẹ má ṣe fún ẹnikẹ́ni ní káàdì yín “kó bá yín tọ́jú ẹ”, ìbáà jẹ́ olórí ẹgbẹ́, ìbáà jẹ́ ọ̀gá níbi iṣẹ́. Ẹni tó ra káàdì ti dẹ́ṣẹ̀, ẹni tó tà á ti dẹ́ṣẹ̀. Mo fi èyí mọ bẹ́ẹ̀.

4. Ẹ mọ ẹni tí ẹ ń yàn, kí ẹ sì mọ iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí mo bá gbọ́ tí ọ̀dọ́ ń sọ pé “gbogbo wọn náà ni, kò sí ìyàtọ̀”, mo máa ń bi í léèrè pé ta ló yẹ kó dá òkun dúró. Kì í mọ̀. Ẹni tí kò bá sì mọ ẹni tí iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọwọ́ òfìfo ni yóò máa bọ̀ látọ̀dọ̀ gbogbo wọn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí owó epo. Ìwé òfin Nàìjíríà ní kí ó má dín ní ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún owó epo tó máa padà sí ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti wà á. Òǹdó ń gba tirẹ̀ nítorí epo tó wà lábẹ́ omi Ìlàjẹ. Ní 2001, òfin ìpínlẹ̀ dá OSOPADEC sílẹ̀ láti máa tọ́jú àwọn ìlú tí epo ti ń jáde, wọ́n sì ya ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún owó ìdá 13 yẹn sọ́tọ̀ fún un. Ẹ wo bí òfin ṣe ń ṣiṣẹ́: èèyàn ló jókòó ní Àkúrẹ́, èèyàn ló dábàá, èèyàn ló dìbò fún un. Aṣòfin 26 ló wà nílé ìgbìmọ̀ náà. Méjì nínú wọn jẹ́ tiwa, ọ̀kan fún Ìlàjẹ Kìíní, ọ̀kan fún Ìlàjẹ Kejì. Àwọn méjì yìí ló lẹ́tọ̀ọ́ láti dìde béèrè pé: eélòó ló wọlé fún OSOPADEC lọ́dún yìí, kí ni wọ́n fi ṣe, ní ìlú wo? Bí ẹ bá pàdé ẹni tó ń wá ipò yẹn, ẹ má bi í pé kí ló máa fún yín. Ẹ bi í pé ṣé ó máa béèrè ìbéèrè yẹn.

NDDC, àjọ ìdàgbàsókè agbègbè Niger Delta ní tirẹ̀, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Ní Ayétòrò, tí àwa àti wọn jọ ń jìyà òkun kan náà, NDDC gbé iṣẹ́ ìdènà omi fún agbaṣẹ́ṣe ní 2004, wọ́n tún gbé e fún òmíràn ní 2009, òkun sì ń jẹ ìlú náà lọ. Ìlú tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1947, tí gbogbo Nàìjíríà ń fi ṣe àpẹẹrẹ nígbà kan! Aṣòfin Àkúrẹ́ kò lè pe NDDC jókòó. Aṣojú-ṣòfin àti sẹ́nétọ̀ ló lè ṣe é. Ìwọ tí o ń tẹ̀ka fún ààrẹ nìkan, tí o wá ń fi ìwé ìdìbò ti sẹ́nétọ̀ àti ti aṣojú-ṣòfin ṣeré bí ẹni pé àfikún ni, àwọn gan-an ni òkun rẹ wà lọ́wọ́ wọn.

Ti ìjọba ìbílẹ̀ wá kù. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ilé ìwòsàn kékeré, iṣẹ́ wọn ni. Ní oṣù Keje 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa dé ọwọ́ wọn tààrà. Ìbò wọn, ODIEC ti ìpínlẹ̀ ló ń ṣètò rẹ̀, kì í ṣe INEC. A ṣe ti kẹ́yìn ní oṣù Kìíní 2025. Ọ̀pọ̀ yín ni kò tilẹ̀ ka ìbò yẹn sí. Ká ní ẹ mọ̀ pé káńsẹ́lọ̀ ló sún mọ́ yín jù, tí ẹ lè lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ láàárọ̀, ẹ ò ní jẹ́ kó bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́.

5. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi yín ṣe ọmọ ogun.

Ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún 1998, àwọn ọ̀dọ́ Ìlàjẹ tó lé ní ọgọ́rùn-ún lọ sí pèpéle Parabe tí Chevron fi ń wa epo lójú òkun, wọ́n ní kí ilé iṣẹ́ náà gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn wọn lórí ilẹ̀ àti omi tó bàjẹ́. Lọ́jọ́ 28, ẹ̀lìkópítà gbé àwọn sójà dé. Ọ̀dọ́ méjì kú, àwọn mìíràn gba ọgbẹ́. Wọ́n gbé ẹjọ́ náà dé San Francisco ní Amẹ́ríkà, ní oṣù Kejìlá 2008 sì ni ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ náà dá ilé iṣẹ́ ọ̀hún láre. Ọdún mẹ́wàá àti ààbọ̀.

Mi ò sọ èyí láti dá àwọn ọmọ yẹn lẹ́bi. Ẹ rántí ẹni tó wà lórí oyè ní oṣù Karùn-ún 1998: Sani Abacha, olórí ìjọba ológun, ni. Kò sí aṣòfin tí wọ́n lè lọ bá ní Àkúrẹ́, kò sí sẹ́nétọ̀ tó ń jókòó. Ohun tí wọ́n ń béèrè tọ́. Ilẹ̀kùn tó yẹ kí wọ́n kàn ni kò sí. Ẹ̀yin ní ilẹ̀kùn náà lónìí, ìyẹn ló ń dùn mí tí mo bá rí i pé ẹ kì í kàn án.

Ìyẹn yàtọ̀ sí ti àwọn tó máa wá bá yín pẹ̀lú owó, ọtí àti ohun ìjà pé kí ẹ bá àwọn já àpótí gbà. Àwa tí a ti dàgbà ní 1983 mọ ibi tó ń já sí. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, wọ́n kéde pé Akin Omoboriowo ti NPN ló borí Adekunle Ajasin ti UPN nínú ìbò gómìnà Ìpínlẹ̀ Òǹdó, èyí tí Èkìtì òde òní ṣì wà nínú rẹ̀ nígbà náà. Ìlú gbiná. Wọ́n sun ilé, wọ́n pa èèyàn, títí kan Ọláìyá Fágbàmígbé tí í ṣe òǹtẹ̀wé àti aṣòfin. Nígbẹ̀yìn, ilé ẹjọ́ ló dá ipò náà padà fún Ajasin. Ìwé èsì ìbò ni wọ́n kà ní kóòtù, kì í ṣe eérú. Àwọn tó kú kò padà wá, ìgbà tó sì di ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún náà, sójà gba ìjọba, àtẹni tó borí àtẹni tó fìdí rẹmi, gbogbo wọn lọ sílé.

Bí ẹnì kan bá ní kí o lọ dá rògbòdìyàn sílẹ̀ lójú ibùdó, bi í léèrè ibi tí ọmọ tirẹ̀ wà lọ́jọ́ náà. Kó o tó gbọ́ èsì rẹ̀, ti máa lọ.

6. “Dìbò, kó o sebẹ̀.”

Gbogbo ìpínlẹ̀ wa àti Èkìtì ló mọ ọ̀rọ̀ yìí, orúkọ tí wọ́n fún ìbò títà. Mi ò ní bú ẹni tí ebi ń pa. Mo mọ ilé tí àwọ̀n ti ya, tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ti bàjẹ́, tí ẹgbẹ̀rún díẹ̀ wá dàbí oore. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìṣirò rẹ̀ dáadáa. Ẹni tó san owó fún ìbò rẹ ti san gbèsè tó jẹ ọ́ tán. Bí o bá dé ọ́fíìsì rẹ̀ lọ́dún kejì láti béèrè jẹ́tì tàbí ilé ìwòsàn, ó mọ iye tó rà ọ́. Ọdún mẹ́rin ni yóò fi jẹ èrè lórí ọbẹ̀ alẹ́ ọjọ́ kan.

Òfin sì ka ẹni tó fún àti ẹni tó gbà sí ọ̀daràn. Bí wọ́n bá ní kí o fi fóònù ya ìwé ìdìbò rẹ kí wọ́n lè rí i pé o ṣe tiwọn, má ṣe é. Wọn ò gbọdọ̀ mú fóònù wọ ibi tí a ti ń tẹ̀ka. Ìkọ̀kọ̀ ni ìbò. Bàbá rẹ kò gbọdọ̀ mọ ọ́n bí o kò bá fẹ́, pásítọ̀ rẹ kò gbọdọ̀ mọ ọ́n, ọkọ rẹ kò gbọdọ̀ mọ ọ́n.

7. Ẹ wọ ibi tí wọ́n ti ń yan àwọn olùdíje.

Orúkọ tí ẹ máa bá lórí ìwé ìdìbò, àwọn kan ti jókòó yàn wọ́n kí ẹ tó dé. Wọ́n yàn wọ́n nínú ìpàdé wọ́ọ̀dù, nínú ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́, níbi tí ọ̀dọ́ kì í sí, àfi èyí tó gbé àga. Wọ́ọ̀dù 12 ló wà ní Ìlàjẹ. Ẹ mọ tiyín. Ẹgbẹ́ tó bá wù yín, ẹ gba káàdì rẹ̀, kí ẹ máa lọ sí ìpàdé, kí ẹ máa dá owó, kí ẹ máa sọ̀rọ̀. Àwọ̀n tí a kò bá tún ṣe lórí ilẹ̀, kò lè pa ẹja nígbà tó bá dé ojú òkun.

Láti ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún 2018 tí wọ́n ti fọwọ́ sí òfin tó dín ọjọ́ orí àwọn olùdíje kù, ẹni ọdún 25 ti lè díje fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ àti ilé aṣojú-ṣòfin. Ọdún 30 ló wà tẹ́lẹ̀. Ti ààrẹ kúrò ní 40, ó di 35. Àwọn ọ̀dọ́ bíi tiyín ló rìn, tí wọ́n kọ̀wé, tí wọ́n ń lọ láti ilé ìgbìmọ̀ kan sí òmíràn títí òfin náà fi jáde. Mo ń retí ọjọ́ tí ọmọ tó kàwé láàrin àwọn ilé orí omi wa yóò jókòó ní Àkúrẹ́.

Bí òṣèlú kò bá sì wù yín, iṣẹ́ mìíràn wà. INEC ń gba òṣìṣẹ́ ìgbà díẹ̀ lọ́jọ́ ìdìbò, àwọn àgùnbánirọ̀ àti akẹ́kọ̀ọ́ ló pọ̀ nínú wọn. Ọmọ tó mọ ìgbà tí omi ń kún àti ìgbà tó ń fà, tó mọ ipa odò láti Igbókòdá dé etí òkun, wúlò fún wọn ju àlejò tó ń bẹ̀rù ìgbì lọ.

Ẹ̀yin ọmọbìnrin, mo ń bá ẹ̀yin náà wí. Ẹ̀yin ló ń gbẹ edé, ẹ̀yin ló ń ná owó lọ́jà Igbókòdá, ẹ̀yin sì ni wọ́n máa ń ní kí ẹ wá se oúnjẹ ìpàdé. Ẹ fi ìkòkò sílẹ̀, kí ẹ wá jókòó.

8. Ọjọ́ ìdìbò gan-an.

Ẹ jí. Wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ ní aago 8:30 àárọ̀, wọ́n sì ń parí ní 2:30 ọ̀sán, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti wà lórí ìlà ní 2:30 ní ẹ̀tọ́ láti dìbò. Bí ọkọ̀ tó gbé àwọn òṣìṣẹ́ bá pẹ́ nítorí omi, ẹ má tètè túká lọ sílé. Ẹ má ṣe lọ pa ẹja láàárọ̀ ọjọ́ náà pẹ̀lú èrò pé ẹ máa tètè dé. Òkun kì í bá èèyàn ṣe àdéhùn.

Ẹni tó bá máa wọ ọkọ̀ lọ sílé láti ọjọ́ Ẹtì, kó wọ life jacket. Ẹ má kó èrò jù sínú ọkọ̀ nítorí pé ẹ ń yára. Ìbò kan kò tó ẹ̀mí kan.

Tó bá kàn ọ́, ẹ̀rọ máa yẹ ìka tàbí ojú rẹ wò. Kí o tó gba ìwé ìdìbò, wò ó pé òǹtẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀ àti pé òṣìṣẹ́ ti fọwọ́ sí i. Tẹ̀ka sí ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, kí ìka rẹ má kan ìlà, kí o jẹ́ kó gbẹ díẹ̀, kí o ká a bí wọ́n ṣe fi hàn ọ́ kí tàdáwà má bàa ràn sí ẹgbẹ́ mìíràn. Ìbò lè bàjẹ́ níbí yìí, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ tiyín. Ẹ ran ìyá àgbà lọ́wọ́ dé orí ìlà, ṣùgbọ́n kí ó tẹ ìka rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ojú gbangba ni wọ́n ti ń ka ìbò. Ẹ dúró jẹ́ẹ́ lókèèrè, kí ẹ máa gbọ́ iye tí wọ́n ń pè. Bí wọ́n bá kọ èsì tán, wọ́n gbọ́dọ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibùdó. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Ní 2023, èsì ìbò ààrẹ kò tètè dé orí IReV, íkànnì tí INEC ń gbé èsì ìbò sí, bí wọ́n ti ṣèlérí, ó sì dun ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ débi pé wọ́n ní àwọn ò dìbò mọ́ láyé. Mo gbọ́ ẹ̀dùn yín. Ṣùgbọ́n ìdí gan-an nìyẹn tí fọ́tò ọwọ́ yín fi ṣe pàtàkì, pàápàá ní ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń wá tó ń lọ bíi tiwa. Ohun tí wọ́n kà níṣojú yín, kó má yàtọ̀ tó bá dé Igbókòdá.

9. Ẹ ka iye yín, kí ẹ sì tẹ̀lé e lẹ́yìn ìbò.

Ní oṣù Kejì 2023, àwọn tó lé ní mílíọ̀nù 93 ló wà nínú ìwé INEC. Mílíọ̀nù 37 nínú wọn ni kò tíì ju ọmọ ọdún 34 lọ. Gbogbo àwọn tó dìbò fún ààrẹ lọ́jọ́ náà, àgbà àti ọ̀dọ́ pọ̀, kò tó mílíọ̀nù 25. Ní ìpínlẹ̀ tiwa, àwọn tó lé ní mílíọ̀nù 2 ló forúkọ sílẹ̀ fún ìbò gómìnà 2024. Ẹni tó borí ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 18 ní ìbò 366,781. Ìjókòó sílé ló pọ̀ ju gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú lọ.

Gómìnà tó wọlé nígbà náà, Lucky Aiyedatiwa, ọmọ Ìlàjẹ ni, láti Òbè-Ńlá. Inú wa dùn sí i, kò sì yẹ ká fi pamọ́. Ṣùgbọ́n pé ọmọ wa wà lórí oyè kò ní kí á má béèrè iṣẹ́. Bí ẹ ṣe máa kọ̀wé sí àjèjì, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ kọ ọ́ sí ọmọ wa, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pẹ̀lú ọjọ́, pẹ̀lú ìbuwọ́lù, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Bákan náà ni sí aṣòfin méjèèjì, sí aṣojú-ṣòfin, sí sẹ́nétọ̀. Ẹ béèrè ohun kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, ohun tí èèyàn lè rí lójú: ìdènà òkun ti dé ibo, oògùn ilé ìwòsàn dà, olùkọ́ mélòó ló wà ní ilé ẹ̀kọ́. Bí wọn kò bá dáhùn lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ tún kọ ọ́. Ẹ ka lẹ́tà náà fún ìlú ní ìpàdé, kí gbogbo èèyàn mọ ẹni tó dáhùn àti ẹni tó dákẹ́. Tí ìbò mìíràn bá dé, ẹ gbé àwọn lẹ́tà yẹn jáde.

Ìwọ tí o ti pé ọmọ ọdún 18 tí orúkọ rẹ kò sí nínú ìwé, àti ìwọ tí orúkọ rẹ wà níbi tí o kò lè dé mọ́, ẹ wá ọkọ̀ tó ń lọ sí Igbókòdá lọ́sẹ̀ yìí. Bí owó ọkọ̀ bá jẹ́ ìṣòro, ẹ wá bá àwa àgbà. A ó dá a.